Orí omi Titicaca ni àṣírí mi ti tú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé afẹ́fẹ́ ò níye lórí, ẹ lọ sí Puno. Ìlú kan ni, ní orílẹ̀-èdè Peru ní Gúúsù Amẹ́ríkà, létí adágún omi tí wọ́n ń pè ní Titicaca. Lọ́jọ́ tí mo débẹ̀, nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, àtẹ̀gùn mẹ́jọ péré ni mo gùn nínú ilé tí mo wọ̀ sí, ni mo bá rọra jókòó sílẹ̀ bí arúgbó. Àyà mi ń lù kì kì kì bí ẹni tí ọlọ́pàá lé láti Ọ̀jọ́ta dé Kétu. Orí ń fọ́ mi, èébì ń gbé mi. Ìyá onílé wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó gbé ife tíì kan fún mi. Ewé kóka ló fi sè é. Bẹ́ẹ̀ ni, ewé yẹn náà ni àwọn kan ń sọ di kokéènì, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwọn, bí àwa ṣe ń jẹ obì ni wọ́n ń jẹ ẹ́, kò sì sí ọlọ́pàá tó máa mú wọn. Mo mu ún tán. Mo kàn ń gbàdúrà kí òórùn rẹ̀ má bá mi dé pápákọ̀ òfurufú ni.

Ohun tó fà á ni pé adágún náà fi mítà 3,812 ga ju òkun lọ. Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé yín dáadáa, òkè tó ga jù ní gbogbo Nàìjíríà, ìyẹn Chappal Waddi ní ìpínlẹ̀ Tàràbà, mítà 2,419 ló ga. Bẹ́ ẹ bá gun tiwa yẹn dé ṣóńṣó, ó ṣì ku mítà tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan kẹ́ ẹ tó dé ibi tí àwọn ará Puno ti ń fọ aṣọ. Afẹ́fẹ́ tó ń wọnú èèyàn níbẹ̀ ò tó ìdá méjì nínú mẹ́ta èyí tá à ń mí l'Ékòó. Èmi tí mo kúrò ní Lima, tó wà létí òkun, láàárọ̀, tí bàálù sì já mi sílẹ̀ ní Juliaca kí ọ̀sán tó pọ́n, ṣé ẹ wá rí i pé ara mi ò lè ṣàì bínú.

Kí ló wá gbé oníròyìn Yorùbá débẹ̀? Àwọn kan tó ń dá oníròyìn lẹ́kọ̀ọ́ ló kọ̀wé pè wá sí Lima fún ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn tó ń fi èdè abínibí ṣiṣẹ́ nìkan ni wọ́n sì ń wá. Àwọn tá a jọ ṣe póli, tí wọ́n wà nílé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìwé ìròyìn àwọn awakọ̀ àti ìyá ọlọ́jà ni mò ń kọ, ẹnu wọn wọhò lọ́jọ́ tí físà mi jáde.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ní Lima, wọ́n ní kí kálukú dìde, kó sọ èdè tó fi ń ṣiṣẹ́, kó sì sọ èdè tí wọ́n ń sọ nílé rẹ̀. Nígbà tó kàn mí, mo dìde, mo ká apá agbádá mi sí èjìká, mo ní, "Yorùbá là ń sọ nílé mi, tọmọdé tàgbà." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó kù díẹ̀ kí èmi náà pàtẹ́wọ́ fún ara mi.

Irọ́ ni mo pa. Ẹ fi ìyẹn síbẹ̀ ná, a ń padà bọ̀ wá síbẹ̀.

Obìnrin tó jókòó tì mí lọ́jọ́ náà ti lé lógójì ọdún, ọmọ Aymara ni, èdè Aymara náà ló sì fi ń ka ìròyìn lórí rédíò ní Puno. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ò pọ̀, tèmi náà ò sì pọ̀ tó bí mo ṣe ń ṣe, torí náà a gbọ́ra wa yé. Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é. Mo ṣàlàyé ohun tó túmọ̀ sí fún un, láti ọjọ́ náà ló ti ń dáhùn bí ẹni pé orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nìyẹn. Òun ló ní mi ò gbọ́dọ̀ padà sílé láì rí adágún àwọn.

Adágún náà tóbi, ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ kìlómítà níbùú lóròó, Peru àti Bolivia ni wọ́n jọ pín in. Bolivia yìí ò ní òkun. Chile gbà á lọ́wọ́ wọn nínú ogun tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1879, síbẹ̀ wọ́n ṣì ní àwọn ọmọ ogun ojú omi tiwọn, lórí adágún yìí ni wọ́n sì ti ń wa ọkọ̀ kiri. Ìtàn àwọn Inca sọ pé inú omi yìí ni Manco Capac àti Mama Ocllo ti jáde wá kí wọ́n tó lọ tẹ ìlú Cusco dó. Ọkọ̀ ojú omi onírin kan tún wà ní Puno tí wọ́n ń pè ní Yavari. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kàn án lọ́dún 1862, wọ́n wá tú u sí wẹ́wẹ́, ìbaaka ló ru ú kọjá orí àwọn òkè ńláńlá yẹn, ọdún 1870 ló sì tó fara kan omi. Ọdún mẹ́jọ gbáko! Nígbà tí mo gbọ́ ọ, àwọn afárá tiwa tí wọ́n ń kọ́ tí kì í parí ló wá sí mi lọ́kàn, mo ní ó dáa, kì í ṣe àwa nìkan.

Ṣùgbọ́n omi etí ìlú gan-an ò dùn ún wò. Ó ní ewéko kéékèèké kan tó bò ó bámúbámú, ó sì ń rùn. Ìdọ̀tí Puno àti ti Juliaca ló ń ṣàn wọ inú rẹ̀, ọjọ́ sì ti pẹ́ tí àwọn aráàlú ti ń pariwo rẹ̀. Lọ́dún 2023, ọ̀dá tún mú kí omi náà fà débi pé àwọn ọkọ̀ kan jókòó sórí ẹrẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní òun ka ìròyìn ìyẹn títí ọ̀fun òun fi gbẹ.

Ibi tá a kọ́kọ́ lọ ni ọ̀dọ̀ àwọn Uros. Ẹ̀yin èèyàn mi, àwọn wọ̀nyí ò kọ́lé sórí ilẹ̀ o, ilẹ̀ gan-an ni wọ́n ń fọwọ́ ara wọn ṣe. Koríko gíga kan wà nínú omi náà tó ń jẹ́ totora. Gbòǹgbò rẹ̀ máa ń lọ́ mọ́ra wọn di ògìdìgbó, ó sì máa ń léfòó. Àwọn Uros á fi ayùn gé gbòǹgbò náà ní bùlọ́ọ̀kù bùlọ́ọ̀kù, wọ́n á fi okùn so wọ́n pọ̀, wọ́n á wá gé koríko tútù lé e lórí, ìpele kan níbùú, ìpele kejì lóròó. Wọ́n á kan òpó mọ́lẹ̀, wọ́n á so erékùṣù wọn mọ́ ọn kó má baà gbéra lọ sí Bolivia lóru. Ìsàlẹ̀ ń jẹrà, torí náà wọ́n gbọ́dọ̀ máa da koríko tuntun sórí rẹ̀ ṣáá, pàápàá lásìkò òjò. Koríko yẹn náà ni wọ́n fi kọ́lé, òun ni wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀, wọ́n tún ń bó ìdí rẹ̀ funfun jẹ. Mo jẹ díẹ̀. Kò dùn, kò korò, ó kàn tutù lẹ́nu ni.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ilẹ̀ rì díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi bíi fóòmù, ni mo bá di Ẹ̀gbọ́n lápá mú, àwọn ọmọdé ibẹ̀ sì fi mí rẹ́rìn-ín. Ìdílé márùn-ún ló wà lórí erékùṣù tá a dé. Ọkùnrin tó jẹ́ olórí wọn kí wa, "Kamisaraki," Ẹ̀gbọ́n ti kọ́ mi pé kí n dáhùn "Waliki." Ọkùnrin náà wá kó bùlọ́ọ̀kù kéékèèké, okùn àti ilé tíńtín jáde, ó fi bí wọ́n ṣe ń ṣe erékùṣù hàn wá bí ìgbà tí ọmọdé ń ṣeré. Mo bi í pé bí ìdílé méjì bá wá ń jà ńkọ́? Ó na ọwọ́ sí ayùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní bí ìjà bá le kọjá àlà, wọ́n á fi gé erékùṣù náà sí méjì, kálukú á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Mo rò ó títí, mo rántí àwọn lánlọ́ọ̀dù kan tí mo mọ̀ ní Múṣin, mo ní ayùn yìí ì bá wúlò níbẹ̀.

Síbẹ̀, kí n má parọ́ mìíràn kún ti Lima, inú mi ò dùn tó bó ṣe yẹ. Mo rí i pé nǹkan náà ti di eré. Ọkọ̀ ń já àlejò sílẹ̀, olórí á ṣàlàyé, àwọn ìyá á tẹ́ aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á ní kẹ́ ẹ wá sanwó kẹ́ ẹ gun ọkọ̀ koríko ńlá tó lórí bíi ti ẹranko. Mo yọjú wo abẹ́ ọkọ̀ náà, ike omi òfìfo ni wọ́n kó sínú koríko kó lè léfòó dáadáa. Iná sólà wà lórí ilé, fóònù ń dún lábẹ́ aṣọ ìyá kan. Mo yí sí Ẹ̀gbọ́n, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, àbí ayédèrú lẹ mú mi wá wò ni?"

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Agbádá tó o wọ̀ ní Lima ńkọ́, ṣé òun lo máa ń wọ̀ gun bọ́ọ̀sì ní ìlú yín?"

Ẹnu mi pa dé. Ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ rìnrìn àjò ni mo rán agbádá yẹn.

Mo gbìyànjú láti gba ara mi sílẹ̀. Mo sọ fún un pé àwọn tiwa náà mọ ọkọ̀ koríko ṣe, pé Nàìjíríà wà létí Adágún Chad, pé àwọn ọmọ Buduma láti Adágún Chad ló kan ọkọ̀ Ra fún Thor Heyerdahl, ọmọ Norway tó fẹ́ fi ọkọ̀ koríko la òkun kọjá láti Mòrókò lọ́dún 1969. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ó di ìkùn mú. Ó ní òun mọ ìtàn náà: ọkọ̀ yẹn tú kó tó gúnlẹ̀. Ó ní lọ́dún 1970, Heyerdahl wá mú ọmọ Aymara mẹ́rin láti adágún Titicaca, apá Bolivia, àwọn ló kan Ra kejì, òun ló sì dé Barbados lọ́jọ́ kẹtàdínlọ́gọ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá fẹ́ yangàn, kó kọ́kọ́ ka ìtàn parí.

Àwọn ìyá wá tò síwájú wa, wọ́n kọrin ìdágbére ní èdè Aymara, àwọn ọmọ sì kọ tiwọn. Ọmọbìnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ jáde síwájú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n nítorí òtútù, ó ṣíjú sókè, ó bẹ̀rẹ̀ orin. Gẹ̀ẹ́sì ni. Orin ọmọdé yẹn tó dá lórí ọkọ̀ wíwà, tí wọ́n ń kọ́ wọn ní gbogbo jẹ́lé-ó-sinmi Ékòó. Kò mọ ìtumọ̀ ohun tó ń kọ, ó kàn ń kọ ọ́ nítorí àwọn àlejò ni. Àwọn Òyìnbó tá a jọ wà níbẹ̀ ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń ya fọ́tò. Èmi ò lè pàtẹ́wọ́.

Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́ fún yín báyìí. Mo ní ọmọbìnrin kan nílé, ọmọ ọdún mẹ́fà lòun náà. Orin yẹn gan-an ló máa ń kọ bí wọ́n bá ń wẹ̀ ẹ́. Kò gbọ́ Yorùbá. Kí n sọ ọ́ dáadáa, ó gbọ́ "wá jẹun" àti "màá nà ẹ́," ó tún ń gbọ́ fìrífìrí díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń fèsì. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ìyá rẹ̀, Ìṣẹ́yìn ni wọ́n bí èmi sí, mi ò lè ní ilé àna ló fà á. Ilé ìwé tó ń lọ, mi ò ní dárúkọ wọn, wọ́n máa ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ ohun tí wọ́n ń pè ní fánákúlà. Èmi bàbá rẹ̀ ni mo mú un lọ síbẹ̀, èmi ni mo sì ń san owó náà, láti inú owó tí mò ń rí lórí Yorùbá tí mò ń kọ. Bí màmá mi bá pè láti Ìṣẹ́yìn, ọmọ á ní "Gúdù mọ́nìn, Gíránmà," màmá mi á ní "Kí ló wí?" èmi á sì máa túmọ̀ láàárín àwọn méjèèjì bí akọ̀wé kóòtù. A máa ń fi rẹ́rìn-ín ni tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ wa ń padà lọ sí Puno, Ẹ̀gbọ́n sọ fún mi pé Aymara tí àwọn Uros ń sọ yìí kì í ṣe èdè wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní tiwọn tẹ́lẹ̀. Ó ti kú lẹ́nu àwọn ti Puno, ìbátan rẹ̀ kan ló kù lẹ́nu àwọn ọmọ Chipaya ní Bolivia. Èdè tèmi ló jẹ tiwọn, ni Ẹ̀gbọ́n wí, ó wá kọjú sí omi. Mi ò fèsì.

Lọ́jọ́ kejì, a lọ sí Taquile. Erékùṣù gidi lèyí, òkúta àti iyẹ̀pẹ̀, èdè Quechua ni wọ́n ń sọ. Ọkọ̀ ń rọra lọ, ó gbà wá ní bíi wákàtí mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀dẹ́gbẹ̀ta àtẹ̀gùn ó lé ló wà láti èbúté dé orí òkè. Mi ò fẹ́ sọ iye ìgbà tí mo jókòó. Ìyá arúgbó kan tó ru igi ìdáná sẹ́yìn kọjá lára mi, kò tiẹ̀ mí sókè.

Ohun tó gbajúmọ̀ ní Taquile ni aṣọ. Àwọn obìnrin ń rànwú, wọ́n ń hun àmùrè tó láwòrán, àwọn ọkùnrin ló sì ń fi abẹ́rẹ́ hun fìlà. Ẹ ò gbọ́ mi ṣì o, ọkùnrin! Wọ́n ń hun ún bí wọ́n ti ń rìn, bí wọ́n ti ń tàkúrọ̀sọ, àti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Fìlà pupa ni ti ẹni tó ti níyàwó, èyí tó funfun lókè ni ti àpọ́n, torí náà kò sí àpọ́n tó lè purọ́ fún ọmọge ní Taquile. Wọ́n ní bí ọkùnrin bá fẹ́ fẹ́ ọmọ, bàbá ìyàwó á bu omi sínú fìlà tó hun. Bí omi bá jò, ó di kó lọ kọ́ iṣẹ́ sí i. Lọ́dún 2005, UNESCO kéde iṣẹ́ aṣọ wọn pé ó wà lára ogún tó yẹ kí gbogbo ayé dáàbò bò.

Mo jókòó ti ọkùnrin kan tó ń hun tirẹ̀. Ó fa ewé kóka yọ nínú àpò rẹ̀, ó bù ú fún mi, bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn nìyẹn. Mo ń wo ìka rẹ̀. Bàbá mi tó ti lọ, aṣọ òfì ló ń hun ní Ìṣẹ́yìn, òun ló fi rán mi níwèé títí mo fi jáde ní póli. Ìka bàbá mi náà máa ń rìn báyìí láìjẹ́ pé ó ń wò ó, ó lè máa bá ọ sọ̀rọ̀ òṣèlú kí ìka rẹ̀ máa ka òwú lọ. Èmi ò kọ́ ọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n má kọ́ ọ, ó ní kí n lọ máa kọ̀wé.

Mo bi ọkùnrin náà, Ẹ̀gbọ́n sì bá mi fi Quechua díẹ̀ àti Sípáníìṣì túmọ̀ rẹ̀, pé òfin wo ni wọ́n ń tẹ̀ lé lórí erékùṣù yìí. Ó ní mẹ́ta ni, láti ayé àwọn Inca. Ama sua, má jalè. Ama quella, má ṣọ̀lẹ. Èyí tó fi sáàárín, tí ó sì wò mí lójú sọ, bóyá ojú mi ló ń ṣe mí bẹ́ẹ̀, ni ama llulla. Má purọ́.

Mo ra fìlà kan lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó máa bá orí ọmọdé mu. Mi ò ní sọ iye tí mo rà á, ìyàwó mi máa ń ka ìwé ìròyìn yìí.

Inú ọkọ̀ ni mo ti jẹ́wọ́. Atẹ́gùn tutù, gbogbo àwọn yòókù ti sùn. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ohun tí mo sọ ní Lima, pé Yorùbá là ń sọ nílé mi. Irọ́ ni. Ọmọ mi ò gbọ́ ọ."

Mo rò pé ó máa bínú ni. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá bi mí pé ṣé mo rántí ohun tí òun sọ nígbà tó kan òun. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ní Aymara ni. Ó ní, "Ọmọkùnrin méjì ni mo ní. Arequipa ni wọ́n ń gbé. Sípáníìṣì ni wọ́n ń sọ. Nígbà tí mo wà nílé ìwé, tíṣà máa ń fi pátákó nà mí lọ́wọ́ bí mo bá sọ Aymara, mo sì búra pé ẹnikẹ́ni ò ní na ọmọ tèmi nítorí rẹ̀. Wọ́n máa ń ṣí rédíò láti gbọ́ ohùn mi. Wọn ò mọ ohun tí mò ń sọ."

Ó ní lọ́dún 1975, ìjọba Peru sọ Quechua di èdè ìjọba lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sípáníìṣì. Òfin ilẹ̀ wọn ti ọdún 1993 sì ka Aymara náà mọ́ ọn níbi tí àwọn tó ń sọ ọ́ bá pọ̀ sí. Ó ní òun ka ìyẹn náà lórí rédíò rí. Lẹ́yìn náà, a ò sọ nǹkan kan mọ́ títí a fi rí iná Puno.

Mo dé Ékòó lọ́jọ́ Sátidé. Kò síná, ooru ń mú, síbẹ̀ ọmọ mi gbé fìlà onírun náà borí dé etí, kò gbà kẹ́nikẹ́ni ṣí i. Ó ń làágùn. Ní ìrọ̀lẹ́, màmá mi pè láti kí mi káàbọ̀, wọ́n ní kí n gbé fóònù fún ọmọ. Wọ́n bi í pé, "Kí ni bàbá ẹ rà bọ̀ fún ẹ?"

Ó gbójú sókè wò mí, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, pé kí n túmọ̀. Mo dákẹ́. Màmá mi náà dákẹ́ lápá tiwọn, kírẹ́díìtì wọn ń lọ. Ìyàwó mi yọjú láti kíṣìnnì.

Ọmọ náà fọwọ́ kan orí rẹ̀. Ó ní, "Fílá." Ohùn rẹ̀ lọ sókè níbi tó yẹ kó wálẹ̀, ó tún gbé ìparí rẹ̀ sókè pẹ̀lú.

Màmá mi ní, "Ẹ̀n-ẹ́n? Fìlà kẹ̀? Irú fìlà wo?"